Ọkàn Tó Ń Sáré Láìsí Ẹni Tó Ń Lé E

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé pélébé yìí lé lọ́wọ́, mo mọ ohun tí ò ń rò. O ti wo bí ó ti fẹ̀ tó, o sì ti rí i pé yóò dára fún dídi ẹ̀pà. N kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kà á tán ná, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ohun kan tó wà nínú àyà rẹ, tí o kò fojú rí rí, tí kò sì tíì sinmi láti ìgbà tí o ti wà nínú ìyá rẹ. Ọkàn rẹ ni mo ń wí.

Ọkùnrin kan wà ní Fìdítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnbùnmi. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni. Láìpẹ́ sí ìgbà tí a gba òmìnira, bí mọ́tò bá ti Ìbàdàn bọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, awakọ̀ á dúró ní Fìdítì kí àwọn èrò lè ra ọsàn, ọsàn Ògúnbùnmi ni wọ́n sì máa ń béèrè. Oko rẹ̀ wà létí títì lọ́nà Ìlọrà. Èèpo ọsàn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, omi rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn.

Bí ọsàn rẹ̀ ti dùn tó ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe le tó. Àwọn aláwàdà ìlú máa ń sọ pé bí eṣinṣin bá bà lé ọsàn Ògúnbùnmi, yóò lé e títí tí yóò fi pọ ohun tó lá. Wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́ níṣojú rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí ààlè jẹ́. Àgbẹ̀ á so ìkarahun ìgbín tàbí àkísà mọ́ igi lóko, ẹni tó bá ń kọjá á rí i, á sì mọ̀ pé ègún wà lórí nǹkan náà. Ti Ògúnbùnmi kò mọ síbẹ̀. Ó tọ adáhunṣe kan lọ tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí, ó ní òun fẹ́ ààlè tó gbóná. Èṣùbíyìí fún un ní ìdì kan tí wọ́n fi àkísà pupa wé, pẹ̀lú ìkarahun ìgbín lára rẹ̀. Ó ní kí ó so ó mọ́ igi tó wà létí títì, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kó dé bá olè.

Ògúnbùnmi dúró níwájú igi náà, ó sì wí pé, “Ẹni tó bá jẹ nínú ọsàn yìí láìjẹ́ pé wọ́n tú ààlè yìí, kí ọkàn rẹ̀ máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó má ríbi sinmi, títí tí yóò fi dákẹ́.”

Nítorí ọsàn ni o. Ọsàn tí ẹyẹ ń jẹ, tí òmíràn ń jábọ́ tó ń rà sórí ilẹ̀.

Èṣùbíyìí kìlọ̀ fún un. Ó ní ààlè náà kò mọ olóko, kò mọ àlejò. Bí ìgbà ìkórè bá dé, òun Èṣùbíyìí ni yóò wá tú u kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan ọsàn, àti Ògúnbùnmi pàápàá. Ògúnbùnmi ní kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ògúnbùnmi ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Àlàkẹ́. Ìyá wọn ti kú, Ògúnbùnmi ló tọ́ ọ dàgbà tó sì fà á fún ọkọ ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ní ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Àlàkẹ́ wá kí i. Ó wà nínú oyún, oyún àkọ́kọ́ tó dúró fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹkún. Ọ̀nà ẹ̀yìn oko ló gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀nà títì, nítorí náà kò rí àkísà kankan. Oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì ká ọsàn kan.

Ó dé ahéré tòun ti èèpo ọsàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọsàn yín ló gbà mí lọ́wọ́ òùngbẹ. Mo ti jẹ ọ̀kan kí n tó kí yín, ẹ má bínú.”

Àwọn alágbàṣe tó wà níbẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ògúnbùnmi wo èèpo náà. Ó ní, “Ṣé o kò rí ààlè ni?”

“Ààlè wo, Bọ̀ọ̀dá?”

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe ló ṣàlàyé fún un, ó sì sọ ègún náà bí Ògúnbùnmi ti gé e gan-an. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni Àlàkẹ́ ń fọwọ́ méjèèjì di àyà mú. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, àyà mi ń lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí baba tó ṣe é kó wá tú u. Ẹ wo ipò tí mo wà.”

Ilé Èṣùbíyìí kò jìnnà. Kí Ògúnbùnmi ránṣẹ́ lásán ni, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe ń wò ó. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá tú ààlè nítorí àbúrò òun lónìí, gbogbo ará Fìdítì ni yóò di àbúrò òun lọ́la. Ó ní, “Ààlè kò mọ ọmọ ìyá. Ohun tí mo wí ni mo wí. Máa lọ sílé ọkọ rẹ, má sì tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́ títí n óò fi ránṣẹ́ pè ọ́.” Ó kẹ́yìn sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Àlàkẹ́ ti lọ. Kò ránṣẹ́ pè é rí. Kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ń bẹ̀rù ohun tí wọn yóò sọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dárúkọ Àlàkẹ́ níwájú rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú í tọ̀. Àníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí nítorí Àlàkẹ́, kò gbà. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Ìbàdàn, Àníkẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ọmọ náà jókòó, ó rìn, ó ń sáré kiri, Àníkẹ́ kò padà wálé. Àwọn ará àdúgbò ń kí Ògúnbùnmi láti òkèèrè. Bí ó bá dé ibi ìkómọ, àyè á ṣófo lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ lórí àga. Ó ń ro ọkà fúnra rẹ̀, á dá jẹ ẹ́ lójú ìdáná, á sì fọ abọ́ kan ṣoṣo tó lò. Ó máa ń bá rẹ́díò sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olóòtú ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, á dúró létí títì bí mọ́tò bá dé, kì í ṣe nítorí ọjà, bí kò ṣe kí ó lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ọdún ń gorí ọdún. Èṣùbíyìí ṣàìsàn, ó sì kú kí ìgbà ìkórè kan tó wọlé. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tú ohun tó ti dì. Ọsàn pọ́n kítikìti lórí igi, ààlè ṣì wà níbẹ̀, ọlọ́sàn sì ń wo ọsàn rẹ̀ bí àlejò. Ó ní òun yóò wá adáhunṣe mìíràn lọ sí Awẹ́.

Kí ó tó lọ, ó ń ro ilẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ́ ń lọ, òógùn ń bọ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn. Ó nawọ́ sókè, ó ká ọsàn kan, ó bó o, ó sì mu ún. Ó ti ju èèpo rẹ̀ nù kí ó tó rántí.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó rí àkísà pupa náà nínú ọkàn rẹ̀. Igi tí ó so ó mọ́ jìnnà sí ibi tó dúró sí, kò lè rí i láti ibẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló ti rí i, ó sì tún gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé kí ọkàn rẹ̀ máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkàn rẹ̀ sì gbéra. Ó ń lù kìkìkì, ó ń lù dé ọ̀fun, dé etí. Ògúnbùnmi jókòó lórí ebè, ó di àyà mú.

Láti ọjọ́ náà, kò ní ìsinmi mọ́. Bí ó bá ń jẹun tí àkísà pupa bá wá sọ́kàn rẹ̀, òkèlè á dúró lọ́wọ́. Bí ó bá gbàgbé fún ìgbà díẹ̀, àyà rẹ̀ á rọ̀. Bí ó bá sì ti rántí pé òun ti gbàgbé, ó ti tún rántí nìyẹn, eré á tún bẹ̀rẹ̀. Ó rù. Aṣọ rẹ̀ tóbi mọ́ ọn lára. Àwọn adáhunṣe tó lọ bá ní ohun tí Èṣùbíyìí bá dì, àwọn kò mọ orí rẹ̀, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ó gbà pé òun yóò kú, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé tí yóò pa á ní ojú dé.

Ògúnwálé ló wá a wá. Bíríkìlà ni, ó ń gbé ní Ìlọrà. Òun àti Ògúnbùnmi ni wọ́n jọ ń mu ẹmu nígbà èwe, ṣùgbọ́n Ògúnwálé ti gba Jésù gbọ́, ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ògúnbùnmi sì ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ìyàwó pásítọ̀. Nígbà tí Ògúnwálé rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì wà á lọ sí dìsípẹ́ńsárì ní Ìlọrà.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Dorcas ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tí kì í kánjú ni. Ó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ Ògúnbùnmi níbi tí iṣan ti ń lù, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ fún mi ná, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ọsàn láti kékeré?”

Ògúnbùnmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní nǹkan. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń yan èso, bí wọ́n ṣe ń ṣí i lọ gbìn nígbà òjò, bí wọ́n ṣe ń ro ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń mi orí. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ààlè tí ọ̀rẹ́ yín ní ẹ so mọ́ igi ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí iṣan fi ń fò lábẹ́ ìka rẹ̀. Ògúnbùnmi fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Bàbá,” ni nọ́ọ̀sì wí, “níbo ni ààlè náà wà báyìí?”

“Fìdítì ló wà.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo wà lọ́dọ̀ rẹ ní Ìlọrà.”

“Kò sí ohun tó rìn láti Fìdítì wá bá yín, sà. Nígbà tí ẹ ń sọ ti ọsàn gbígbìn, ọkàn yín ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí ẹ rí nínú èrò yín ló lé e. Ẹ ro ọsàn tí kò pọ́n, èyí tó kan gan-an, kí ẹ rò pé ẹ fi bọ ẹnu.”

Ògúnbùnmi rò ó. Ó gbé itọ́ mì.

“Ṣé ọsàn wà lẹ́nu yín ni? Bí èrò ṣe ń mú itọ́ wá, bẹ́ẹ̀ ló ń mú ọkàn sáré. Ara kì í dúró béèrè bóyá ohun tí a rò wà níwájú wa tàbí kò sí. Ọkàn yín lágbára, sà. Ẹ máa jẹun, kí ẹ sì máa fi nǹkan mìíràn rọ́pò àwòrán yẹn.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ògúnbùnmi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà dé Fìdítì, ó yọ àdá, ó gé ààlè náà lulẹ̀, ó sì sun ún. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé àkísà náà rùn. Ó jẹun yó lọ́jọ́ náà. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé òun ti wo ara òun sàn, àti pé èrò lásán ni gbogbo rẹ̀.

Èrò lásán kọ́. Fetí sílẹ̀, ìwọ tí o ń kà á, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkàn Ògúnbùnmi tún bẹ̀rẹ̀ eré. Ó gbìyànjú láti fi omi odò àti oko tó tutù sínú èrò rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ, kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àkísà pupa ló ń rí mọ́. Àlàkẹ́ ló ń rí, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láyà. Àwòrán àkọ́kọ́ ti wà lórí èkejì láti ọjọ́ yìí wá, ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti ká ti òkè kúrò ni ti ìsàlẹ̀ hàn. Èyí kò sì ṣeé fi àdá gé.

Ó tọ Ògúnwálé lọ níbi iṣẹ́, ó bá a lẹ́bàá ògiri tó ń mọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tìtìjú-tìtìjú. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì sọ pé ọkàn mi kò ṣàìsàn. Kí ló wá dé?”

Ògúnwálé gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, òótọ́ ni. Ààlè kò lágbára. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kí ọkàn ọmọ ẹlòmíràn máa sáré títí yóò fi dákẹ́?”

“Èmi ni.”

“O sun àkísà, o kò sun ọ̀rọ̀ náà. Inú rẹ ló ti jáde, inú rẹ ló sì wà. Ògúnbùnmi, ìbẹ̀rù ti ààlè, ìtànjẹ ni. Èyí kì í ṣe ìtànjẹ. Ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi nítorí pé o jẹ̀bi. Èmi náà jẹ̀bi tèmi, o mọ̀ mí nígbà èwe. Mo gbé e lọ bá Jésù, ẹni tó gba ègún wa sára lórí igi. Ọlọ́run tóbi ju ọkàn tó ń dá wa lẹ́bi lọ. Ronú pìwà dà, gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, lọ bá àbúrò rẹ.”

Ògúnbùnmi sún mọ́ ọn. Ó ní, “Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Mo mọ ògiri kan ní Akínmọ̀ọ́rìn ní àìpẹ́ yìí, mo rí i tó ń yan gààrí níwájú ilé rẹ̀. Oyún ìjọ́sí, ó fi bí ọmọ obìnrin. Ìwọ lo ní kí a má dárúkọ rẹ̀ níwájú rẹ. Jẹ́ ká lọ lónìí. Kẹ̀kẹ́ mi nìyí.”

Ògúnbùnmi sunkún ayọ̀. Ó wà láàyè! Ó bímọ! Àyà rẹ̀ rọ̀, ó fúyẹ́. Wo ohun tí èṣù fi ìròyìn ayọ̀ yẹn ṣe. Ó sọ fún un pé bí Àlàkẹ́ bá wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le, kí ni ìkánjú? Ọsàn ti pọ́n. Àwọn mọ́tò ń dúró. Ó dára kí ènìyàn kórè tán kó tó lọ, kó sì gbé ọsàn tó pọ̀ dání. Ó ní, “Ògúnwálé, lẹ́yìn ìkórè ni n óò lọ. Ti Jésù náà, n óò ro ó nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀.”

Ògúnwálé wò ó. Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ògiri.

Ìkórè pẹ́ lọ́dún náà, nítorí ọsàn pọ̀. Ara Ògúnbùnmi yá gágá. Bí àwòrán Àlàkẹ́ bá wá, á sọ fún un pé, “Mo ń bọ̀,” ọkàn rẹ̀ á sì dákẹ́. Ènìyàn lè fi ìlérí tan ọkàn ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n ká èyí tó kẹ́yìn tán, ó bẹ Ògúnwálé, wọ́n di ọsàn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì forí lé Akínmọ̀ọ́rìn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ó ń kọrin lójú ọ̀nà.

Fáwùmí, ọkọ Àlàkẹ́, ló jókòó níwájú ilé. Ó ti fárí. Ògúnbùnmi rí orí náà, orin sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Fáwùmí kò dìde. Ó ní, “Àna mi, ẹ pẹ́.”

Ibà ló pa Àlàkẹ́. Kò pẹ́ lórí àìsàn, wọ́n sì ti sin ín. Lọ́jọ́ tí Ògúnwálé ní kí wọ́n máa bọ̀, níwájú ilé yìí ló wà tó ń yan gààrí.

Ògúnbùnmi béèrè bóyá ẹ̀rù ààlè wà lára rẹ̀ títí dé òpin. Fáwùmí ní, “Nígbà oyún yẹn, kò sùn, àyà rẹ̀ kò balẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ó ti bímọ tán ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba Jésù gbọ́, ẹ̀rù sì kúrò. Òun ló sọ ọmọ ní Olúwafúnkẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká wá bẹ̀ yín, ó ní ẹ ti sọ pé kí òun má wá títí ẹ óò fi ránṣẹ́ pe òun, àti pé ẹ̀yin lẹ tọ́ òun, òun kò ní da ọ̀rọ̀ yín nù. Orí àìsàn yìí, bí ẹsẹ̀ bá dún lóde, á béèrè pé, ‘Ṣé Bọ̀ọ̀dá kò tíì ránṣẹ́?’ ”

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ó tún ní, “Ibojì rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Èmi kò lè bá yín dé ibẹ̀.”

Ògúnbùnmi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òkìtì erùpẹ̀ pupa ni, òjò ti fi ọwọ́ pa á díẹ̀. Ó wólẹ̀ síbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí kò ti lù rí, kò sì wá nǹkan mìíràn rò láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Ó jẹ́ kí ó rí ohun gbogbo: èèpo ọsàn, ìkúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì láyà, ẹ̀yìn tí òun kọ sí i. Ó ní, “Olúwa Jésù, kì í ṣe Èṣùbíyìí, kì í ṣe àkísà. Èmi ni. Mo fi ẹnu mi lé ọmọ ìyá mi. Mo sì tún gbọ́ pé ó wà láàyè, mo ní ó di ẹ̀yìn ìkórè. N kò ní ẹni tí n óò bẹ̀ mọ́ àfi ìwọ. Bí o bá lè gba irú mi, gbà mí.”

Ògúnwálé kúnlẹ̀ tì í. Nígbà tó pẹ́, Ògúnbùnmi dìde. Ó sọ fún Ògúnwálé pé ọkàn òun kò dáwọ́ eré dúró, ṣùgbọ́n ó ti rí ibi tó ń sáré lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ. Ògúnbùnmi ṣì ń gbé láàyè, ó ń jọ́sìn ní Ìlọrà pẹ̀lú Ògúnwálé, gbogbo ìjọ ló sì mọ̀ pé ẹni tuntun ni. Oko rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè ká ọsàn níbẹ̀. Àníkẹ́ ti wá wò ó, kò tíì padà sílé pátápátá. Fáwùmí ń jẹ́ kí Olúwafúnkẹ́ kí i, òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé rẹ̀ dákẹ́ púpọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àwòrán Àlàkẹ́ ń padà wá tí ọkàn rẹ̀ á sì gbéra. Kì í sá mọ́. Á sọ pé, “Olúwa, ó tún dé,” á sì jókòó níwájú Olúwa rẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Ọlọ́run dárí jì í, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n “mo ti dárí jì yín, Bọ̀ọ̀dá” tí ì bá gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ láyé yìí mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O lè sọ pé ìwọ kò so nǹkan mọ́ igi ẹnikẹ́ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí o ti ń ka ìtàn yìí, ojú ẹnì kan ti kọjá nínú èrò rẹ. N kò mọ ẹni náà, ìwọ mọ̀ ọ́n. Gbé ọwọ́ lé àyà rẹ. Kò sí ẹni tó ń lé ọ, kí ló ń lù báyẹn?

Má ṣe fi ọtí pa á lẹ́nu mọ́, má ṣe fi ariwo ọjà bò ó. Má ṣe sọ fún un pé, “Mo ń bọ̀.” Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló ń ké nínú rẹ, Jésù nìkan ló sì lè dá a lóhùn, nítorí ó ti ru ú. Sọ fún un pé ìwọ ni, gẹ́gẹ́ bí Ògúnbùnmi ti sọ. Kò ní lé ọ.

Bí o bá sì ti dìde lórí eékún, ẹni tí ojú rẹ̀ kọjá nínú èrò rẹ yẹn, bí ó bá wà láàyè, ó ń fetí sí ẹsẹ̀ lóde. Lọ bá a. Ìwé yìí lè dúró de ọ̀la, òun lè máà dúró. Lọ lónìí.